Búùtù Wo Ló Ya? Ohun Tí Ṣáàfù Mọ́tò Kọ́ Mi

Èmi ni mo jẹ́ iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo wà nílé ní Fìdítì nígbà ìsinmi. Bàámi rán mi lọ gba bátìrì lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa ní Ìlọrà. Bí mo ṣe fẹ́ máa padà, ọ̀gá mẹkáníìkì, tó ti wo abẹ́ mọ́tò wa ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, pè mí padà. Ó ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé búùtù ti ya o. Kí wọ́n tètè gbé e wá." Mo ní, "Ó dáa, ọ̀gá." Mo délé, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Bàámi rìn lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò wa ti dógùn-ún tipẹ́, páànù rẹ̀ sì ti ya nísàlẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ti ya láti èṣí? Ṣé ìyẹn ló ní ká má gbé ọsàn ni?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Búùtù tí ọ̀gá ń wí kọ́ ni bàbá mi lọ wò. Rọ́bà dúdú tó bo oríkèé ṣáàfù ni ọ̀gá ń pè bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ tó bá ní ju ìtumọ̀ kan lọ, pọ́nna là ń pè é, àwọn àpẹẹrẹ tí a sì máa ń kọ sínú ìwé ìdánwò kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Eléyìí ná wa ní ṣáàfù kan odindi, ó sì ná ìyá ọlọ́pẹ òyìnbó kan ní apá kan ọjà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ti ọ̀gá náà tí mo bá wálé, tí mo ń béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí mọ́tò àgbà ń bọ́ ní ilé yín.

Iṣẹ́ tí ṣáàfù ń ṣe

Bọ́ọ̀sì Volkswagen T4 ni mọ́tò wa. Láti 1990 sí 2003 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀ jáde. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé Transporter tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa mọ́tò. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Èkó sọ di dánfó, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì tiwọn wà. Tiwa ti rin ju 400,000 kìlómítà lọ. Kò sí ìjókòó kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ẹrù nìkan ló ń gbé: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó, láti àwọn oko tó yí Fìdítì ká lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn rí mọ ọjà èso Fìdítì. Ohun tí èrò inú mọ́tò kì í rí ni ọ̀nà oko tí èso náà gbà kó tó dé etí títì.

Ṣáàfù ni irin gbọọrọ tó ń gbé agbára láti inú gíà dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gíà kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ́tò ń lọ sókè sódò nínú kòtò, ó sì tún ń yí sọ́tùn-ún sósì tí awakọ̀ bá yí sítíárìn. Bí irin tó so àwọn méjèèjì pọ̀ bá gan, yóò ṣẹ́ kó tó jáde ní àdúgbò. Ìdí nìyí tí ṣáàfù fi ní oríkèé méjì, bí apá wa ṣe ní èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Jọ́ìǹtì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Èyí tó wà lẹ́bàá táyà, jọ́ìǹtì ìta, ló ń tẹ̀ jù, nítorí òun ló ń bá sítíárìn yí. Èyí tó wà lẹ́bàá gíà, jọ́ìǹtì inú, ló máa ń wọlé tó sì máa ń jáde díẹ̀ kí ṣáàfù lè gùn tàbí kó kúrú bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe ń gòkè tó ń sọ̀.

Kì í ṣe gbogbo oríkèé ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wo abẹ́ tírélà tàbí Mazda akérò, ẹ ó rí oríkèé alágbèélébùú lára irin gígùn tó lọ sẹ́yìn. Oríkèé náà dára tí kò bá tẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀ tó igun 30, bí apá kan bá ń yí ní 100 ní ìṣẹ́jú kan láìyẹ̀, apá kejì á máa sáré dé bíi 115, á sì tún rọlẹ̀ dé bíi 87, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wò ó lára ẹsẹ̀ tí awakọ̀ fi ń yíwọ́: gbogbo mọ́tò ni yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ló gbé oríkèé oníbọ́ọ̀lù mẹ́fà kalẹ̀ ní nǹkan bíi 1926. Ife irin kan ni, wọ́n gbẹ́ ipa mẹ́fà sínú rẹ̀. Kókó irin kan wọ inú ife náà, òun náà ní ipa mẹ́fà lára. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà wà láàárín wọn, àgò irin kan sì kó wọn jọ kí wọ́n má baà tú ká. Bó ti wù kí oríkèé náà tẹ̀ tó, àwọn bọ́ọ̀lù náà máa ń dúró sí àárín gbùngbùn igun rẹ̀, nítorí náà eré tó wọlé ni eré tó ń jáde. Lẹ́tà C àti V tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kò sọ ju ìyẹn lọ: eré tí kì í yẹ̀. Nígbà tí mọ́tò kékeré Mini jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959 pẹ̀lú irú oríkèé yìí ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Lónìí, Micra tí wọ́n fi ń ṣe takisí ní Ìbàdàn àti Sienna tó ń kó èrò lọ sí Èkó, òun ni gbogbo wọn ń lò.

Rọ́bà ni ẹ̀mí rẹ̀

Bọ́ọ̀lù irin tó ń yí nínú ipa irin, gíríìsì ló ń dáàbò bò ó. Gíríìsì dúdú kan ni, èyí tí wọ́n po molybdenum disulphide mọ́, nítorí pé ìfúnpá inú oríkèé náà pọ̀ ju ohun tí gíríìsì lásán lè gbà. Ohun tó wá ń pa gíríìsì náà mọ́ ni rọ́bà oníṣẹ́po tó ń nà tó sì ń súnkì bíi dùùrù alápá. Kílíìpù méjì ló dì í mú, ọ̀kan lórí ife, ọ̀kan lórí irin. Rọ́bà yìí ni búùtù tí mo jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Oòrùn àti ọjọ́ orí á mú kó gan. Òkúta tàbí kùkùté ojú ọ̀nà oko lè là á. Ẹrù àpọ̀jù á tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, oríkèé á máa yí níbi tó ti tẹ̀ jù, ìṣẹ́po rọ́bà á sì máa fi ara ha ara. Lọ́jọ́ tó bá ya, yíyí ṣáàfù á máa da gíríìsì jáde, á sì fọ́n ọn sẹ́yìn táyà. Eruku pupa ilẹ̀ wa á wọlé, omi òjò á tẹ̀lé e. Yanrìn àti ìyókù gíríìsì á pò pọ̀, wọ́n á di nǹkan tí ń lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò tíì dún ní gbogbo àkókò yìí. Mọ́tò wa ń lọ geere nígbà tí ọ̀gá rán mi níṣẹ́. Ohun tó fi mọ̀ ni gíríìsì dúdú tó ti fọ́n sí ẹ̀yìn ríìmù.

Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti wúlò. Mẹkáníìkì kì í bi oníbàárà pé, "Kí ló ṣe é?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni, "Báwo ló ṣe ń dún?" Oníbàárà á sì fi ẹnu dún un. Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ideophone ní kíláàsì ni wọ́n fi ń mọ àrùn mọ́tò ní Ìlọrà, ohùn orí wọn kò sì ṣe é fi ṣeré. Ẹ rántí pé rógódó kì í ṣe rògòdò: ohùn òkè fún ohun kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún ohun ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣáàfù.

Bí oníbàárà bá ní ó ń dún ká-ká-ká-ká tí òun bá yíwọ́, pẹ̀lú ohùn òkè, jọ́ìǹtì ìta ni ọ̀gá á kọ́kọ́ lọ wò. Bọ́ọ̀lù ló ń fò nínú ipa tó ti jẹ. Bó bá dún nígbà tí ẹ yí sí òsì, ṣáàfù ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí ìwúwo mọ́tò máa ń rọ́ sí apá ìta. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ yí sọ́tùn-ún ni, ẹ fura sí ti òsì. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Bó bá jẹ́ gbì kan ṣoṣo, ohùn ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ bá kó o sí gíà tàbí tí ẹ tẹná lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, tàbí tí mọ́tò bá ń gbọ̀n rìrì tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, jọ́ìǹtì inú ni ẹ máa wò. Àmọ́ bó bá ń hun hùùù lójú títì tààrà, tí ìró náà ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, tí kò sì yí padà bí ẹ bá tẹná tàbí ẹ gbẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́árínì inú họ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra ṣáàfù nítorí bẹ́árínì.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ wá pápá tó tẹ́jú tí kò sí ènìyàn. Ẹ yíwọ́ títí tí kò fi lè yí mọ́, kí ẹ máa tẹná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yípo lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é sí apá kejì. Ẹ ṣí wíńdò, ẹ pa rédíò.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ ká-ká-ká ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo jẹ́ iṣẹ́. Bàámi gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń yà wọ ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ọjà wà nílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn fi gbé ẹrù méjì sí i. Nígbà ẹrù kejì, lójú títì, nǹkan kan dún gbàù. Ẹ́ńjìnì ń ké, gíà ń wọlé, mọ́tò kò lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ohun tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ méjèèjì nínú gíà máa ń jẹ́ kí agbára gba ibi tó rọrùn. Tí ṣáàfù kan bá ti já, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ, ẹsẹ̀ kejì tó dá ṣáṣá kò ní rí nǹkan kan. Orí títẹ́jú ni Bàámi wà, wọn kò sì sáré. A dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọ̀sán ti lọ kí a tó rí mọ́tò mìíràn. Ọsàn lè dúró. Ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n kò lè dúró nínú oòrùn. Ìyá tó ni ín kò bá Bàámi jà. Wọ́n kàn jókòó ti ẹrù náà, wọ́n ń yọ àwọn tó ti ń ṣomi sọ́tọ̀.

Àtúnṣe ni, àbí pààrọ̀?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń béèrè nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìgbà tí ẹ bá mọ̀.

Bí rọ́bà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, tí kò tíì dún, àtúnṣe ni. Wọ́n á tú oríkèé náà, wọ́n á fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, wọ́n á nu ún gbẹ, wọ́n á fi ìka wá inú ipa wò bóyá ó ti jẹ. Tó bá ń dán tó sì jọ̀lọ̀, gíríìsì tuntun, rọ́bà tuntun, kílíìpù tuntun, ó parí. Kí wọ́n má ṣe fi okùn tàbí wáyà lásán dè é, yóò gé rọ́bà. Mo ti rí ẹni tó fi tíúbù táyà àti ọ̀rá wé e; ó gbé e délé ni, kò wo ó sàn.

Bí jọ́ìǹtì ìta bá ti ń dún, tí irin àti jọ́ìǹtì inú ṣì dára, wọ́n lè pààrọ̀ jọ́ìǹtì ìta nìkan. Fífi gíríìsì tuntun sí èyí tó ti ń dún kò ṣe nǹkan kan, nítorí gíríìsì kò lè dí ipa irin tó ti jẹ. Ìró náà lè rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Àwọn àgbà mẹkáníìkì kan máa ń gbé ṣáàfù ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, lára mọ́tò tí méjèèjì gùn dọ́gba, kí ojú ipa tí kò tíì jẹ lè máa gba agbára. Ó ń ra àkókò, kì í ra ìlera.

Bí jọ́ìǹtì méjèèjì bá ti lọ, tàbí tí ife bá ti fọ́ bíi tiwa, odindi ṣáàfù ni kí ẹ rà. Èyí di ọ̀rọ̀ tuntun tàbí tòkúnbọ̀. Tuntun tó jẹ́ ayédèrú lè má pẹ́ tó tòkúnbọ̀ tó dára. Ní Géètì ní Ìbàdàn tí a ti ra tiwa, ohun tí ọ̀gá ṣe rèé. Ó gbé èyí tó bàjẹ́ dání. Ó fi wọ́n dúró ti ara wọn láti wo gígùn, ó sì ka eyín orí méjèèjì, nítorí pé eyín kan péré tó bá yàtọ̀ kò ní wọ họ́ọ̀bù. Ó di orí méjèèjì mú, ó fún wọn sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni fún aṣọ, láti mọ̀ bóyá ó ń mì. Ó tẹ jọ́ìǹtì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti mọ̀ bóyá ó ń há níbì kan. Ẹ̀kẹta ló gbà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòkúnbọ̀ ni, ó tún ra rọ́bà tuntun sí i.

Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀

Mo dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí ilẹ̀ ni mọ́tò wà nígbà tó kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín họ́ọ̀bù, nítorí pé ó le, ó sì léwu láti máa fi agbára fa á nígbà tí mọ́tò bá wà lókè. Lẹ́yìn náà ló fi jáàkì gbé e, ó sì ki pákó ńlá sábẹ́ rẹ̀. Ó ní jáàkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó yọ táyà, ó fi wáyà so bíréèkì kọ́ kó má baà fi ìwúwo rẹ̀ fa páìpù ọ́ìlì. Ó yọ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kí ẹsẹ̀ lè yẹ̀ síta.

Ṣáàfù T4 wa, bóòtù ló dè é mọ́ gíà, orí àwọn bóòtù náà sì ní ihò eléyín. Ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò kọ̀ọ̀kan kó tó ki irinṣẹ́ bọ̀ ọ́. Mo rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò, àfi ìgbà tó sọ fún mi pé bí irinṣẹ́ kò bá wọlé dópin, yóò jẹ eyín náà, iṣẹ́ wákàtí méjì á sì di ti ọjọ́ méjì. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò bíi Sienna, ṣe ni ṣáàfù kàn wọ inú gíà. Ní irú ìyẹn, ọ́ìlì gíà á ṣàn jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà, kí wọ́n sì wo síìlì ibẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí tuntun wọlé, nọ́ọ̀tì tuntun ló fi dè é. Nọ́ọ̀tì yìí ló tún ń di bẹ́árínì mú, ìwé mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ bó ṣe yẹ kó le tó. Orí ilẹ̀ ni wọ́n tún ti fún un gbẹ̀yìn. Ọ̀gá ní kí a gbé e padà wá lẹ́yìn ẹrù mélòó kan kí òun lè wo àwọn bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Owó tí a san lápapọ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí rọ́bà àti gíríìsì ì bá ná wa.

Iṣẹ́ tí a rán ni

Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé tí kò sọ pé rọ́bà ṣáàfù. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe búùtù ló ń jẹ́ ni?" Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ó sì bá ìtumọ̀ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ rẹ̀: bàtà, ẹ̀yìn mọ́tò, àti rọ́bà yìí. Láàárín àwọn mẹkáníìkì, kò sí pọ́nna níbẹ̀ rárá, nítorí abẹ́ mọ́tò ni gbogbo wọn ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ojú ọ̀nà láàárín Ìlọrà àti Fìdítì ni ìtumọ̀ ti sọ nù, lọ́wọ́ èmi tí mò ń kọ́ nípa ìtumọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwà nìkan lòwe náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè pé, "Búùtù wo, ọ̀gá? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí a kò bá tètè gbé e wá?"

Ní báyìí, tí mo bá wà nílé, ní gbogbo ọjọ́ Sunday, mo máa ń fi iná fóònù wo ẹ̀yìn táyà iwájú méjèèjì. Kì í gba ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ̀yìn ríìmù bá gbẹ, a dúpẹ́. Bó bá tutù tó sì dúdú, mo ti mọ orúkọ rẹ̀, mo sì mọ ibi tó wà. Bàámi náà ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ti ẹ̀yìn mọ́tò nìkan ni wọ́n ń pè ní búùtù. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò, rọ́bà ṣáàfù ló ń jẹ́ nílé wa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ṣì ya síbẹ̀ títí di òní.